Lẹ́tà Sáà Kìíní sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ibùdó Fọ́tò Ojú Ọ̀run ní Ìsẹ́yìn

Ìbàdàn,
Ọjọ́ 5, oṣù kẹwàá, ọdún 2026.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ìwé tó sọ nípa owó ilé-ìwé àti ọjọ́ ìdánwò ti dé ọwọ́ yín lọ́tọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ nínú lẹ́tà yìí, ìyẹn ibùdó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS2 yóò lọ láti ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6, títí di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8, oṣù kọkànlá, láti kọ́ bí a ṣe ń ya fọ́tò ojú ọ̀run ní òru. Oko ọ̀kan nínú ẹ̀yin òbí, lẹ́yìn ìlú Ìsẹ́yìn lójú ọ̀nà Adó-Àwáyé, ni wọn yóò pàgọ́ sí. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ìgbafẹ́; àwọn olùkọ́ físíìsì ni yóò darí rẹ̀, ohun tí àwọn ọmọ ti kà nípa ìmọ́lẹ̀ àti lẹ́ǹsì nínú kíláàsì ni wọn yóò sì fi ọwọ́ ara wọn dán wò.

Àwọn kan nínú yín ti bi mí pé kí ló dé tí a kò lè ṣe é nínú ọgbà ilé-ìwé wa níbí. Ìbéèrè tó dára ni. Iná òpópónà, iná ilé epo, àti iná ńláńlá tí a ń gbé sórí ògiri nítorí olè kì í mọ́lẹ̀ sí ilẹ̀ nìkan. Apá kan ìmọ́lẹ̀ wọn ń lọ sókè, eruku àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a sì fọ́n ọn ká, títí yóò fi dà bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ta bo ojú ọ̀run. Ojú wa ti mọ́ aṣọ yìí lára débi pé a kì í kà á sí, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí a ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá yóò kó gbogbo rẹ̀ jọ, àwòrán yóò sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú pẹ̀lú ìwọ̀nba ìràwọ̀ mélòó kan. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, tí a bí sínú ìlú tí wọ́n sì ń dàgbà níbẹ̀, kò tíì rí alẹ́ tó ṣókùnkùn dáadáa. Ní ilẹ̀ Nàmíbíà, láti ọdún 2012 ni a ti ka òkùnkùn ibi ìpamọ́ NamibRand sí ohun tó yẹ kí a dáàbò bò, àwọn ayàwòrán sì ń ti òkèèrè wá síbẹ̀ nítorí rẹ̀. Òkùnkùn tiwa kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà Mọ́níyà ni a ó gbà dé ibẹ̀.

A kò ṣàdédé mú ọjọ́ náà. Òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá a máa kó ìkùukùu bo ojú ọ̀run, bí oṣù kejìlá bá sì ti wọlé, ọyẹ́ a gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá, àwọn ìràwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ a sì pòórá. Àárín méjèèjì ni ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá bọ́ sí. Ọjọ́ 9 oṣù náà ni òṣùpá yóò wọ òkùnkùn pátápátá, nítorí náà kò ní sí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀run láti àṣálẹ́ títí di ìdájí. Àsìkò yẹn kan náà ni àwọn ìràwọ̀ tó ń já bọ́, èyí tí a ń pè ní Taurid, máa ń hàn: wọn kì í pọ̀, bóyá márùn-ún ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n wọn kì í sáré, òmíràn a sì mọ́lẹ̀ gan-an.

Oòrùn yóò wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, òkùnkùn yóò sì kún kí aago mẹ́jọ tó lù. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀já ìràwọ̀ tí a ń pè ní Milky Way, nítorí apá rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ yóò wà nísàlẹ̀ lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn, yóò sì ti wọ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Ọmọ tó bá jáfara di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kọjú sí àríwá láti ya Andromeda, ìṣùjọ ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rìn fún nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ẹgbẹ́ ìràwọ̀ tí a ń pè ní Orion bá ti gòkè ní ìlà-oòrùn, wọn yóò ya ìkùukùu gáàsì pupa tó wà láàárín rẹ̀, èyí tí ojú kò lè rí àwọ̀ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kámẹ́rà máa ń fi hàn. Ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta, òṣùpá tó ti tín-ínrín àti Àgùàlà yóò jọ yọ nítòsí ara wọn ní ìlà-oòrùn. Àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ya àwọn méjèèjì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n tún ya wọ́n ní ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n lè fi àwòrán ara wọn rí bí òṣùpá ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni ó nira jù nínú iṣẹ́ yìí. Ilẹ̀ ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kan, nítorí náà bí ojú kámẹ́rà bá pẹ́ jù ní ṣíṣí, ìràwọ̀ yóò di ìlà dípò kí ó jẹ́ ojú kan. Òfin tí àwọn ayàwòrán ń lò ni pé kí a fi ìwọ̀n gígùn lẹ́ǹsì pín 500: lẹ́ǹsì mìlímítà 24 yóò fún wa ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá. ISO, ìyẹn ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, yóò wà láàárín 1600 sí 3200, a ó sì fi ọwọ́ yí lẹ́ǹsì lórí ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ títí yóò fi kéré jù lọ lójú kámẹ́rà, nítorí kámẹ́rà kò lè dá ojú rẹ̀ fi sí ọgbọọgba nínú òkùnkùn. Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ni a kọ fún ojú ọ̀run àwọn òyìnbó, níbi tí ìràwọ̀ àríwá ti wà lókè tí àwọn yòókù sì ń yí i ká. Ní Ìsẹ́yìn, dígírì 8 péré ni ó fi ga ju ilẹ̀ lọ, àwọn ìràwọ̀ ìlà-oòrùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gòkè tààrà. Nítorí náà ni àwọn ọmọ wa yóò ṣe rí Cassiopeia, ẹgbẹ́ ìràwọ̀ ti àríwá, àti Achernar, ìràwọ̀ kan ti gúúsù, ní alẹ́ kan náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilẹ̀ Yúróòpù kò lè rí láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn.

Mo bẹ̀ yín kí ẹ bá mi tẹnu mọ́ èyí nílé: àwòrán tí ọmọ bá mú wá gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí lẹ́ǹsì rẹ̀ rí. Àwọn fóònù kan wà báyìí tó ń fi kún àwòrán òṣùpá ohun tí kò sí níbẹ̀, àwọn ètò orí fóònù sì wà tó lè lẹ ojú ọ̀run ibòmíràn mọ́ igi oko tiwa. A kò ní gba irú rẹ̀, bó ti wù kí ó rẹwà tó. Ọmọ lè da àwòrán mélòó kan tí ó yà tẹ̀ léra pọ̀ di ọ̀kan kí ó lè mọ́lẹ̀ sí i, bí ó bá ṣáà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́, wákàtí, apá ibi tí ó kọjú sí, ISO àti iye ìṣẹ́jú-àáyá ni yóò wà lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, máàkì sì wà fún àkọsílẹ̀ yìí bí ó ṣe wà fún àwòrán fúnra rẹ̀.

Ẹ má ra kámẹ́rà tuntun. Ilé-ìwé ní kámẹ́rà tí àwọn ọmọ yóò máa pín lò, fóònù tí a lè fi ọwọ́ yan àkókò fún sì tó fún ẹni tó bá ní i. Fún ọjọ́ mẹ́ta náà nìkan ni a gba fóònù láàyè, ọwọ́ olùkọ́ ni yóò sì wà ní ọ̀sán. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú wá ni tọ́ọ̀ṣì kékeré tí a fi ọ̀rá pupa wé lójú, nítorí ojú ènìyàn nílò nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ó tó mọ́ òkùnkùn lára, iná funfun ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì tó láti ba ti gbogbo ẹgbẹ́ jẹ́. Ẹ fún wọn ní bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ nítorí ejò, súwẹ́tà nítorí òtútù ìdájí, àti aṣọ òwú gbígbẹ tí wọn yóò fi máa nu ìrì kúrò lójú lẹ́ǹsì. Ọ̀sán ni a ó rin ìrìn àlọ àti àbọ̀. Àwọn olùkọ́ ọkùnrin àti obìnrin pẹ̀lú nọ́ọ̀sì ilé-ìwé yóò wà pẹ̀lú wọn, àgọ́ ọkùnrin yóò yàtọ̀ sí ti obìnrin, a sì ti fi ìrìn náà tó baálẹ̀ àdúgbò àti àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn létí. Owó oúnjẹ àti ọkọ̀ jẹ́ ₦15,000. Òbí tí èyí bá nira fún, kí ó wá rí mi fúnra rẹ̀. Kò sí ọmọ tí yóò jókòó sílé nítorí owó.

A ó ṣe ìpàdé pẹ̀lú yín ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 17 oṣù yìí, níbi tí ẹ ó ti lè béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò bá wọn lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, kí ẹ kọ oògùn tí ọmọ yín ń lò àti oúnjẹ tí kò bá a lára mu sínú rẹ̀, kí ó sì padà dé ọwọ́ olùkọ́ kíláàsì ó pẹ́ tán ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọ̀gá Àgbà Ilé-ìwé