Wọ́n gba wàrà lọ́wọ́ ìyá mi, ìwádìí ẹ̀ ò padà wálé

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn ó pẹ́, ọ̀dọ̀ yín ni mo sì gbé e wá torí ẹ̀yin lẹ̀ ń fi Yorùbá tó yé àwọn ìyá wa lọ́jà bá wa sọ̀rọ̀.

Ìyá mi ń din wàrà l'Àkúrẹ́ níbí, nítòsí Ọjà Ọba, ó ti lé lógún ọdún. Ọwọ́ àwọn ìyá Fúlàní ló ti ń rà á, wọ́n á gbé e wá láàárọ̀ nínú ike tòun ti omi ẹ̀, màmá á gé e, á fi iyọ̀ àti ata sí i, á dà á sínú òróró tó ti gbóná. Owó wàrà yẹn ló fi rán èmi àtàwọn àbúrò mi níléèwé, torí náà tí wọ́n bá ti dárúkọ wàrà níbì kan, èmi á dúró gbọ́ ni.

Ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá màmá, ó gbé kúlà tí yìnyín wà nínú ẹ̀ dání pẹ̀lú àwọn ike kéékèèké, ó ní òun ń ṣe rísáàṣì lórí wàrà, òun fẹ́ mọ kòkòrò tó máa ń wọ inú ẹ̀ àti ohun tá a lè ṣe kó má tètè bàjẹ́. Màmá ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó fún un ní tútù, ó fún un ní díndín, ó tún mú un lọ bá ìyá Fúlàní tó ń tà fún un, ìyẹn náà jókòó ó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, bó ṣe ń gbé mílíìkì kaná títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, bó ṣe ń gún ewé bomubomu tá sẹ́ omi ẹ̀ sí i, bó ṣe ń fara balẹ̀ rò ó títí tó fi máa dì tí omi á yọ sọ́tọ̀, kó tó wá bù ú sínú apẹ̀rẹ̀ pé kó ro. Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó ya fọ́tò, ó ní òun á padà wá jábọ̀. A ò rí i mọ́ títí dòní.

L'ọ́dún tó kọjá ni àbúrò mi tó ń kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ní yunifásítì rí pépà tí wọ́n fi ìwádìí ọmọ náà kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àkúrẹ́ wà ńbẹ̀, ewé bomubomu wà ńbẹ̀, Calotropis procera ni wọ́n pè é. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n jẹ́ ká kà, tá a bá fẹ́ ka ìyókù ká san owó tó lé ní 30 dọ́là. Mo sọ fún màmá, ó ní "ṣé wàrà mi náà ni wọ́n tún fẹ́ tà fún mi ni?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Àbúrò mi ló wá ronú kan, ó kọ ímeèlì sí ẹni tí àdírẹ́sì ẹ̀ wà lórí pépà náà, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta onítọ̀hún ti fi PDF ránṣẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́, ó tún dúpẹ́ pé a bèèrè. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tẹ ibi yìí gàdàgbà, torí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: nínú 30 dọ́là yẹn, kò sí kọ́bọ̀ tó ń kan ẹni tó kọ pépà, àwọn lẹ́kíṣọ́rà tó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde náà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Iléeṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ ló ni owó. Inú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé yìí máa ń dùn tẹ́nìkan bá bèèrè.

Mi ò sọ pé gbogbo ayé ló tilẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ mílíìkì l'Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1906 ti ń gbé jọ́nà kan, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń tẹ pépà ìwádìí sí, jáde láti 1917, Journal of Dairy Science ló ń jẹ́, ó sì pẹ́ tó jẹ́ pé ẹni tó bá sanwó ló ń ka tuntun inú ẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2022 wọ́n ṣí i sílẹ̀ pátá, ẹni tó bá ní dátà lórí fóònù lè kà á láti Òkè Àró. FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, náà dá ètò kan sílẹ̀ ní 2003 tí wọ́n ń pè ní AGORA, kí yunifásítì láwọn orílẹ̀-èdè tí ò lówó lè ka ìwé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Ẹ̀yin lẹ́kíṣọ́rà wa, ẹ béèrè ẹ̀ ní láíbìrì yín.

Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí yìí náà ní ìnira tiẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ jọ́nà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń kà, ẹni tó kọ̀wé ni wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì lè wọ 2,000 tàbí 3,000 dọ́là fún pépà kan ṣoṣo. Lẹ́kíṣọ́rà tó ń gba náírà, níbo ló ti fẹ́ rí i? Ibẹ̀ làwọn oníjìbìtì ti ń rí wọn mú, wọ́n á gbowó táṣẹ́rẹ́, wọ́n á gbé pépà jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ló kàn mí nínú ẹ̀? Ẹ̀mí èèyàn wà nínú ọ̀rọ̀ mílíìkì ni. Ní 1918, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Alice Evans kọ ọ́ jáde pé kòkòrò tó ń jẹ́ kí oyún bàjẹ́ lára màlúù àti èyí tó ń fa irú ibà kan lára èèyàn, ìbátan ni wọ́n, pé mílíìkì tí wọn ò gbé kaná lè gbé e wọ èèyàn lára. Wọn ò gbà á gbọ́, obìnrin ni, kò sì ní Ph.D. Ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ìwé, àwọn mìíràn kà á, wọ́n dán an wò lọ́dọ̀ tiwọn, ohun kan náà ni wọ́n rí. Bí wọ́n ṣe wá ń fi ọwọ́ líle mú gbígbé mílíìkì kaná nìyẹn, 63°C fún ìṣẹ́jú 30, tàbí 72°C fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Ká ní inú dúróà ló tọ́jú ìwé ẹ̀ sí ńkọ́? Kòkòrò yìí ṣì wà lára màlúù ní Nàìjíríà lónìí, bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn wa ṣì ń mu mílíìkì tútù.

Ẹ tún wo Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Wọ́n ń ṣe wàrà bíi tiwa, wagashi ni wọ́n ń pè é, wọ́n máa ń sè é pẹ̀lú pòròpórò ọkà bàbà kó lè pọ́n. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú ìwádìí tiwọn, tiwa wà lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìyá tó ń ṣe é níhìn-ín lọ́hùn-ún ò sì ka ìkankan.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò tóbi, Olóòtú. Ẹ fún wa ní ojú ewé kan lóṣù, kí lẹ́kíṣọ́rà tó bá ṣe ìwádìí lórí wàrà, ẹja, ẹ̀gẹ́ tàbí kòkó kọ ohun tó rí síbẹ̀ ní Yorùbá. Ní 1859 ni Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, ti ń fi Yorùbá tẹ ìwé ìròyìn tó pè ní Ìwé Ìròyìn l'Abẹ́òkúta, nígbà tí kò sí iná kò sí kọ̀ǹpútà.

Mo ti túmọ̀ pépà yẹn fún màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbada. Ó yé e pé iná máa ń pa kòkòrò, pé ọwọ́ wa àti omi tá a fi ń tọ́jú wàrà ló ń dá a padà sí i, láti ọjọ́ náà omi tó ti sè tó ti tutù ló ń lò. Ó ní kí n lọ sọ fún ìyá Fúlàní náà. Mo lọ, Yorùbá ọjà nìkan ló gbọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ kò yé e. Tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín bá gbọ́ Fúlàní dáadáa tó sì lè bá wa kà á fún un, ẹ jọ̀ọ́ kó kàn sí mi nípasẹ̀ yín. Àárọ̀ ọjọọjọ́ ló máa ń wá, kí aago méjọ tó lù.

Èmi ni,
Ọmọ Ìyá Oníwàrà,
Àkúrẹ́.