Abẹ́ igi aṣálẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ igi aṣálẹ̀ ni mo bá wá. Tí wọ́n bá ti ń sọ pé igi ń gbé kábọ̀n, èròjà afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, pa mọ́, iye igi làwọn èèyàn máa ń kà ṣá, igi mílíọ̀nù báyìí, bílíọ̀nù báyìí, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ilẹ̀ tí igi ọ̀hún dúró lé.

Nínú aṣálẹ̀, igi àtàwọn igi kúkúrú ẹlẹ́gùn-ún máa ń jìnnà síra, àárín wọn á wá ṣófo. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ ọ̀kan, kẹ́ ẹ tún gbẹ́ ti gbangba, ẹ máa rí i pé ti abẹ́ igi lọ́ràá jù, torí ewé tó re, gbòǹgbò tó kú, ìgbẹ́ ẹyẹ àti tàwọn ẹran tó wá sá fóòrùn, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ń jẹrà sí, eruku tí atẹ́gùn ń gbé kiri gan-an, ìdí igi ló máa ń há sí. Inú ọ̀rá yìí ni kábọ̀n ilẹ̀ wà. Mesquite, igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó wà ní aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà, tún máa ń rí náítírójìn tó jẹ́ oúnjẹ ewéko fà látinú afẹ́fẹ́, àwọn bakitéríà inú gbòǹgbò ẹ̀ ló ń bá a ṣe é. Gbòǹgbò ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti rí i ní Arizona níbi tó jìn ju mítà 50 lọ!

Àmọ́ kẹ́ ẹ má rò pé igi kúkúrú tó bá ṣáà ti hù, èrè ni. Ní Jornada, ilẹ̀ ìwádìí kan ní New Mexico ní Amẹ́ríkà, koríko ló bo ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí mesquite àti creosote, igi kúkúrú aṣálẹ̀ míì, gbà á lọ́wọ́ koríko, ọ̀rá ilẹ̀ kó jọ sídìí igi, àárín wọn wá di ìhòòhò tí atẹ́gùn àti àgbàrá ń wọ́ lọ. Wọ́n tún ṣe ìwádìí kan jáde lọ́dún 2002, níbi tí igi ti gba ilẹ̀ koríko, ilẹ̀ tó gbẹ jèrè kábọ̀n, èyí tójò ti ń rọ̀ dáadáa pàdánù, débi pé àdánù yẹn pa èrè tó wà lára igi rẹ́.

Lọ́dún 2020 wọ́n fi sátẹ́láìtì ka igi tó lé ní bílíọ̀nù 1.8 ní Sàhárà àti Sahel apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò bẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì ò rí abẹ́ ilẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kéèyàn fi katakata hú igi kúkúrú tó ti pẹ́ nílẹ̀ dànù torí àtigbin tuntun. Ilẹ̀ tí wọ́n dà rú bẹ́ẹ̀, àwọn kòkòrò tójú ò lè rí á jẹ kábọ̀n inú ẹ̀, ó di afẹ́fẹ́, ọ̀gbìn tuntun ò sì lè dá a padà bọ̀rọ̀. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá tún fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń gbin igi lẹ́nu wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi wọ́n: kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé wọ́n sì wọn kábọ̀n ilẹ̀ náà kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ?

Èmi ni òǹkàwé yín.