Ẹ má tíì da kọ́bọ̀ oníhò ìyá àgbà sórí ìwọ̀n

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú èdè wa. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé síta, ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀ àtijọ́ ni, ìyẹn pẹ́nì tí wọ́n ń ná kí náírà tó dé, àwọn kọ́bọ̀ tó níhò láàárín tí àwọn ìyá wa àgbà kó sínú ìkòkò, sínú agolo mílíìkì, sínú àpò aṣọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní Òṣogbo níbí, láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun títí dé Òkè Baálẹ̀, àwọn tó ń fi ọmọlanke ra irin àlòkù kiri ti mọ̀ pé ó wà nílé wa, wọ́n á bèèrè ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé e wá sórí ìwọ̀n, kílò kan iye báyìí, wọ́n á sanwó wọ́n á bá tiwọn lọ, àwọn ará ilé á sì máa rò pé àwọn rí owó he. Èmi ò sọ pé kéèyàn má tà o. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú u wò, kẹ́ ẹ ka ọdún tó wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, torí owó tó wà nínú agolo kan náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá.

Nílé tiwa, ìyá tó bí bàbá mi ló fi tiẹ̀ sílẹ̀, àdìrẹ ló tà ní Ọjà Ọba títí ó fi darúgbó. Mọ́mì àgbà ò fọkàn tán owó ìwé, nígbà tí ìjọba pààrọ̀ owó ìwé ní January 1968 nígbà ogun, ọ̀pọ̀ èèyàn ni owó kú mọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan owó ẹyọ, ohun tí mọ́mì rí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó kọ́bọ̀ jọ. Ìgbà tó wá di January 1, 1973 tí náírà dé, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, tí ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, kọ́bọ̀ yẹn ṣì wà nínú ìkòkò. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, ọ̀rọ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta nínú ẹbí: bọ̀dá wa àgbà ní ká tà á ká fi ra bùlọ́ọ̀kù tí a máa fi mọ fẹ́ǹsì, àǹtí mi ní ogún ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àwọn ọmọ ìsinsìnyí sì ní àwọn rí i lórí fóònù pé kọ́bọ̀ kan ń lọ ní mílíọ̀nù. Mo mọ̀ pé irú ìjà yìí wà ní ilé púpọ̀, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

A da gbogbo ẹ̀ sórí ẹní, a ní káwọn ọmọ ṣà á lọ́dọọdún. Ẹ wo nǹkan tó wà níbẹ̀. Èyí tó dàgbà jù, láti 1907 sí 1911, wọ́n kọ Nigeria mọ́ British West Africa lára ẹ̀, 1907 yẹn náà ni rélùwéè dé Òṣogbo láti Ìbàdàn, ẹ rò ó wò, ọkọ̀ ojú irin àti kọ́bọ̀ oníhò jọ wọ ìlú wa ní àkókò kan náà. Àwọn onínì 1907 àti 1908 kan wà tó fúyẹ́ bí ìdérí ìkòkò páànù, onínì mẹ́wàá ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan, tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀ ẹ yà á sọ́tọ̀ kíá. Láti 1912 tí wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní London, Nigeria ò sí lára ẹ̀ mọ́, British West Africa nìkan ló kù, torí owó kan náà ni àwa àti Gold Coast (Ghana òde òní) àti Sierra Leone àti Gambia jọ ń ná. Àwọn ará wa tó lọ ṣòwò ní Gold Coast nígbà yẹn, kọ́bọ̀ tí wọ́n bá gbà ní Kumasi, wọ́n á ná an ní Ọjà Ọba láìpààrọ̀ nǹkan kan. Èyí dùn mọ́ mi gan-an ju iye tí ẹnikẹ́ni lè rà á lọ.

Ọ̀rọ̀ 1936 ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi purọ́ fáwọn èèyàn jù. Ọba Edward kẹjọ jọba ní January 1936, ó sì fi ipò sílẹ̀ ní December ọdún kan náà, wọn ò tiẹ̀ dé e ládé. Ní England fúnra ẹ̀, wọn ò ná owó kankan tó ní orúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ tiwa, nítorí ihò àárín, wọn kì í ya orí ọba sí i, orúkọ nìkan ni, kò sì pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é, bó ṣe di pé owó Edward kẹjọ wọ àpò àwọn ìyá wa nìyẹn. Ẹ kàn wo 1936 yín dáadáa, òmíì á ní GEORGIVS, òmíì á ní EDWARDVS VIII. Tẹ́ ẹ bá rí ti Edward ẹ tọ́jú ẹ̀, ìtàn ńlá ni, àmọ́ ẹni tó bá ní ó ń lọ ní mílíọ̀nù ń tàn yín ni, wọ́n ṣe é púpọ̀ gan-an, ó ṣì wà nínú ìkòkò káàkiri. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ọdún náà, ẹ fi kámẹ́rà fóònù sún un mọ́ra, ẹ lè rí lẹ́tà kékeré kan, H tàbí KN, H jẹ́ ti ilé ìrọwó Heaton ní Birmingham, KN jẹ́ ti King's Norton, àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ń ka lẹ́tà yẹn sí gan-an, torí ọdún kan náà lè pọ̀ ní H kó ṣọ̀wọ́n ní KN.

Wàyí o, kì í ṣe kọ́bọ̀ nìkan ló máa ń wà nínú ìkòkò, tọ́rọ́ (kọ́bọ̀ mẹ́ta), sísì (kọ́bọ̀ mẹ́fà), ṣílè (kọ́bọ̀ méjìlá) máa ń dara pọ̀ mọ́ ọn. Ibí yìí ni ẹni tó tà á ní kílò ti ń pàdánù jù, torí tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì láti 1913 títí dé 1919, fàdákà gidi ni! Láti 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe é, ìyẹn á pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ má wá sọ pé gbogbo èyí tó bá funfun ni fàdákà o, torí láti 1938 tọ́rọ́ tún funfun padà, ṣùgbọ́n bàbà tí wọ́n po níkẹ́ẹ̀lì mọ́ ni, ọdún ara ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà, kì í ṣe àwọ̀. Àwọn ti 1959 tí wọ́n kọ Federation of Nigeria sí, tó ní àwòrán kòkó lára sísì, òwú lára tọ́rọ́, ẹ̀pà lára ṣílè méjì, ó rẹwà lójú, ṣùgbọ́n ó pọ̀ nílùú, ìyẹn lẹ lè tà láìronú púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá bá kọ́bọ̀ ńlá tí kò níhò, tí obìnrin jókòó sí ẹ̀yìn ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, ti England nìyẹn, bóyá ẹnì kan nílé yín ló mú un bọ̀ láti òkè òkun, wọn ò ná an níbẹ̀ mọ́ láti 1971, ó pọ̀ bákan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé àwa ará Òṣogbo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ idẹ kó máa dán, ẹ̀gbà Ọ̀ṣun nìyẹn yẹ fún, kì í ṣe owó àtijọ́, tẹ́ ẹ bá ti fi kànrìnkànrìn ha á, ẹni tó mọ̀ ọ́n á rí i lójú ẹsẹ̀, iye ẹ̀ á já wálẹ̀ kò sì ní padà. Eruku nìkan ni kẹ́ ẹ fi aṣọ fífẹ́lẹ́ gbọ̀n kúrò, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ.

Nípa títà, ẹni tó fẹ́ rà á kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa tú u. Ẹ tú u tán, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni bíi méjì mẹ́ta tó ń kó o jọ. Ẹnikẹ́ni tó bá wá ní òun máa fi mílíọ̀nù rà á, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó rẹ́jísítà, ẹ pa fóònù yẹn, jìbìtì ni. Èyí tó bá sì wà nínú igbá òrìṣà nílé yín, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ jàre, ìyẹn ti ní olówó.

Àwa náà ti fẹnu kò báyìí: a ṣa ẹyọ kan kan nínú ọdún kọ̀ọ̀kan fún ilé, kò ní jáde, àǹtí mi ló ń tọ́jú ẹ̀, a pín díẹ̀ ní ìdí-igi ní ìdí-igi bí a ṣe ń pín ogún kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó wà nílé bàbá àgbà lè ní tirẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀, gbogbo fàdákà a yà á sọ́tọ̀ títí a ó fi rí ẹni gidi, àwọn 1959 tó pọ̀ yẹn la tà, bọ̀dá sì rí owó bùlọ́ọ̀kù díẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí mo wá ń tọrọ lọ́wọ́ yín ni pé, ẹ̀yin olóòtú, ẹ bá wa tẹ fọ́tò àwọn owó yìí jáde nínú ìwé ìròyìn yín, ti iwájú ti ẹ̀yìn, láti onínì dé ṣílè méjì, pẹ̀lú ọdún wọn, kí ìyá tó wà ní Ìgbóǹnà tí kò lè ka òyìnbó rí i kó mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun kí ọmọlanke tó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Ẹ sì bá wa bi àwọn tó wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí níbí ní Òṣogbo bóyá wọ́n á gbà á tí ẹbí kan bá fẹ́ fi ti ilé wọn tọrẹ, torí àwa fẹ́ fún wọn ní 1907 kan, ó ju ẹyọ kan lọ tó wà lọ́wọ́ wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kan, Òṣogbo.