Ọparun àwọn opó ìjọ wa
Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nítòsí Oǹdó ló ti wá sí mi lọ́kàn pé àdúrà nìkan ò tó fáwọn opó wa, bá a ṣe gba ilẹ̀ etí odò nìyẹn tá a gbin ọparun sí i. Ọdún 3 sí 4 ló ń gbà kó tó gbó, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gé e ó tún ń hù látìdí, gbòǹgbò ẹ̀ sì ń di ilẹ̀ mú kí àgbàrá má wọ́ ọ lọ, àwọn kápẹ́ńtà ń rà á fi ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń kọ́ ró. Ẹ má gé èyí tí ò tíì gbó o, kòkòrò á jẹ ẹ́ di lúbúlúbú. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀, ilẹ̀ etí odò tó wà lásán yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún àwọn opó.