Ìbọ̀sẹ̀ Bàbá, Ìbọ̀sẹ̀ Ìyá

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Òǹkàwé yín kan kọ̀wé pé àwọn Òyìnbó ò ka àgbà sí, pé àwa Yorùbá la mọyì arúgbó. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí gbogbo wa níbí ń pè ní "kẹ́à". Ohun tí ojú mi ń rí ò rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá Òyìnbó kan wà tí mo ń lọ bá láàárọ̀, ẹni ọdún 91. Wọ́n lè fi ogún ìṣẹ́jú wọ ìbọ̀sẹ̀. Ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, ìbọ̀sẹ̀ á jábọ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ mú un. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí n bá wọn wọ̀ ọ́. Ńṣe ni wọ́n fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Lójú tiwọn, àgbà tó ń dá nǹkan ṣe ló níyì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí mo bá kúrò níbẹ̀, mo máa ń yà kí ìyá kan ní Peckham, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹni ọdún 84. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Àwọn á ti na ẹsẹ̀ dè mí. Tí mo bá fi ṣeré pé kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ fúnra wọn, wọ́n á ní, "Ṣé mi ò bímọ ni?" Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, kò sì tijú.

Ibi tó ti di wàhálà ni ọjọ́ tí sóṣà wọ́kà káńsù, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń wo ẹni tí ìrànwọ́ ìtọ́jú tọ́ sí, wá yẹ ìyá wò. Ọmọbìnrin kékeré kan ni. Ó wọlé, ó pe orúkọ ìsàmì ìyá mọ́ wọn lórí gbọnrangandan. (Ẹni tó pe orúkọ yẹn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn ti wà ní sàréè tipẹ́.) Ọmọ wọn ọkùnrin ló ń ṣe ògbufọ̀. Ṣé ẹ lè wẹ̀ fúnra yín? "Mò ń wẹ̀." Ṣé ẹ lè se oúnjẹ? "Mò ń jẹun." Ṣé ẹ ń dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lásìkò? Ta ló fẹ́ sọ lójú àlejò, láti ẹnu ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, pé ìtọ̀ ń bọ́ lára òun? "Mò ń débẹ̀."

Ìyá tó na ẹsẹ̀ sí mi ò lè na ẹsẹ̀ sí ìjọba. Bí wọ́n bá ní ó ṣòro, ọmọ wọn ni wọ́n bà lórúkọ jẹ́. Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹbí dúró tì wọ́n, ó lọ. Bẹ́ẹ̀, Care Act ti ọdún 2014, òfin ìtọ́jú ilẹ̀ England, ní kí wọ́n wo àìní arúgbó bí ẹni pé kò sí ẹbí tó ń ràn án lọ́wọ́. Ohun mẹ́wàá ni wọ́n ń wò. Bí àìsàn ò bá jẹ́ kó lè ṣe méjì péré, tí ìyẹn sì ń ni ín lára gidi, ìrànwọ́ tọ́ sí i.

Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa. Ọmọ ìyá yìí ń jáde láago márùn-ún òwúrọ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ló ń sinmi. Oúnjẹ wà nínú kúlà, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, ìyá ń bá a fèsì. A ní a kì í gbé òbí wa síta. (Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń wẹ ìyá tèmi n'Ìbàdàn.) Ní Japan, ìjọba ya ọjọ́ ìsinmi sọ́tọ̀ fún ọ̀wọ̀ àgbà, Mọ́ńdè kẹta oṣù Kẹsàn-án. Síbẹ̀ wọ́n rí i pé ọ̀wọ̀ ò lè wẹ arúgbó, àti pé ọrùn àwọn ìyàwó ilé ni gbogbo rẹ̀ ń já lé. Láti ọdún 2000, ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún níbẹ̀ ń dá owó ìtọ́jú arúgbó.

Mo bá ọmọkùnrin ìyá yìí sọ ọ̀rọ̀ òfin náà, ó binú díẹ̀, ó wá kọ̀wé sí káńsù pé kí wọ́n padà wá. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá, pẹ̀lú obìnrin ògbufọ̀ kan tó kúnlẹ̀ kí wọn ní "Ẹ káàárọ̀, Mà." Mo ti sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé kó má bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n lè wẹ̀.

"Ìyá, ta ló bá yín wẹ̀ lánàá?"

Wọ́n wo ilẹ̀ títí. "Àná kẹ̀? Àbámẹ́ta ni mo wẹ̀ kẹ́yìn."

Èmi ni tiyín,
Olùtọ́jú arúgbó, Lọ́ńdọ̀nù