Ọ̀dà kọ́ ló yẹ kó ṣáájú nínú àtúnṣe píkọ́ọ̀pù 504

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ sì kú làálàá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn èèyàn wa tún ń gbé padà sójú títì ló mú mi kọ lẹ́tà yìí, pàápàá jù lọ Pijó 504 píkọ́ọ̀pù. Ẹni tó ń ta oúnjẹ fẹ́ fi polówó ọjà, ẹni tó ń bá wọn ṣètò ìgbéyàwó fẹ́ fi gbé ọkọ àtìyàwó, ọmọ àgbẹ̀ tó jogún tiẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kò sì fẹ́ tà á fún àwọn tó ń kó irin àlòkù. Ohun tó dára ni. Èyí tí kò dára ni ọ̀nà tí owó ń gbà lọ. Ọ̀dà, ríìmù àti ẹ̀rọ orin ló ń jẹ owó tán, nígbà tí abẹ́ ọkọ̀ ti jẹrà. Irin ló ni owó àkọ́kọ́, bíréèkì ló tẹ̀ lé e, ẹ́ńjìnnì ló ṣe ìkẹta. Ọ̀dà ló gbẹ̀yìn gbogbo wọn.

Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì fi jẹ ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù ní 1969. Ní 1979 ni píkọ́ọ̀pù rẹ̀ dé láti rọ́pò ti 404. Nílẹ̀ wa níbí, ilé iṣẹ́ PAN (Peugeot Automobile Nigeria) bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, ìdí sì nìyẹn tí a fi ṣì ń rí mẹkáníìkì àgbà tó mọ 504 dénú, tí a sì ń rí sípéyà pátì rẹ̀ ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó àti ní Gate n'Ìbàdàn. Àmọ́ kí ẹni tó ń lọ rajà ṣọ́ra: ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Igi irin kan gbọọrọ àti sípíríǹgì pẹlẹbẹ alábala ló gbé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. Ti ayọ́kẹ́lẹ́ jẹ́ sípíríǹgì olóbìíríkítí, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń dá mì nínú ọ̀pọ̀ wọn. Bí ẹ bá kàn sọ fún ọlọ́jà pé "ẹ̀yìn 504" lẹ fẹ́, owó lè bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹrù tó gbé fún yín má wúlò.

Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ rárá, ẹ mú òòfà kékeré kan tí ẹ fi aṣọ wé, sukudiráífà kan, àti tọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi òòfà náà gba ara ọkọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe irin. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì iwájú ti wọ inú ara ọkọ̀ lápá méjèèjì. Ibẹ̀ ni 504 ti máa ń kú. Ẹrẹ̀ tí táyà ń ta sókè máa ń dì sábẹ́ ibẹ̀, kì í gbẹ láti òjò dé òjò, irin á sì máa jẹ láti ìsàlẹ̀ wá nígbà tí òkè ṣì ń dán. Ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ láti inú ihò táyà, kí ẹ ha ẹrẹ̀ yẹn kúrò, kí ẹ fi ẹnu sukudiráífà tẹ irin náà gírígírí. Bó bá gún un wọlé, tàbí tí ẹ rí ibi tó sán yí bóòtù tó di orí ṣọ́ọ̀kì ká, ẹ ti mọ iye tí ẹ máa ná. Ẹ wo abẹ́ bátìrì, nítorí áásìdì máa ń kán síbẹ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀ awakọ̀. Ẹ wo inú rọ́bà gíláàsì iwájú nísàlẹ̀, àti ibi tí ìka sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣásì.

Irin tó ti dípẹtà kò ṣeé lẹ nǹkan lé lórí. Wẹ́dà tó bá gbé páànù tuntun bo ìpẹtà mọ́lẹ̀ ti há omi mọ́ àárín irin méjì, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi jẹ tuntun náà. Ẹ jẹ́ kó gé e títí yóò fi kan irin tó mọ́. Irin tó máa fi dípò kò gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ ju èyí tó gé kúrò: ara ọkọ̀ á gba mílímítà 0.8 sí 1, ṣásì kò sì gbọ́dọ̀ dín ní mílímítà 2. Kó tó gé ohunkóhun lábẹ́ ọkọ̀, ẹ gbé e sórí ìdúró mẹ́rin tó dọ́gba, kì í ṣe jáàkì, kí ẹ fi téèpù wọn ṣásì láti igun dé igun ní ìdábùú, ọ̀tún sí òsì, òsì sí ọ̀tún. Bí iye méjèèjì kò bá bára mu, ọkọ̀ náà ti wọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀ kí ẹ lè tún un wọ̀n lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ tún wo àlàfo tó wà yí ilẹ̀kùn ká. Bó bá fẹjú sí i tàbí tó pa dé nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, ara ọkọ̀ ti ń rọ̀ nìyẹn, kí wọ́n dúró.

Ẹ̀rọ wẹ́dà tó ń lo wáyà mílímítà 0.6 tàbí 0.8 pẹ̀lú gáàsì ló dára jù fún páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Iná kábáìdì máa ń mú ibi tó fẹ̀ gbóná, páànù á sì wú, bẹ́ẹ̀ sì ni pọ́tì wọn máa ń ṣe nípọn láti bo ibi tó wú. Kí wẹ́dà máa jó o ní ìwọ̀n ìka méjì, kó fo lọ sí apá kejì, kó padà wá nígbà tí àkọ́kọ́ bá ti tutù. Kó yọ okùn bátìrì àti wáyà ọ́tánétọ̀ tó ń ṣáàjì bátìrì kó tó tan ẹ̀rọ. Táǹkì epo gbọ́dọ̀ kúrò lára ọkọ̀ pátápátá. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ti gbẹ: òórùn epo tó kù nínú táǹkì òfìfo ló ń gbiná, ẹ̀mí sì ti ṣòfò sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ fín ọ́ìlì tó nípọn tàbí wáàsì sínú àwọn àpótí irin ṣásì, kí ẹ sì rí i pé àwọn ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ kò dí.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì kò gùn. Gbogbo rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì bíréèkì, ẹ pààrọ̀ wọn láìwò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, nítorí inú ni wọ́n ti ń wú nígbà tí ẹ̀yìn wọn ṣì lẹ́wà. Ọ́ìlì ń wọlé, kò rí ọ̀nà padà, ẹsẹ̀ kan á sì máa fà nígbà tí awakọ̀ ti gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ọ́ìlì bíréèkì ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́. Ọdún méjì-méjì ni kí ẹ máa dà á nù.

Mo ń bẹ̀ yín, ẹ má tètè ju ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nù. Àṣà tó gbòde ni pé kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì Toyota tòkunbọ̀ síbẹ̀, kí wọ́n ní ọkọ̀ ti di tuntun. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò 504 kò nàró. Ó dagun sọ́wọ́ ọ̀tún ní ìwọ̀n dígírì 45, gbogbo ohun tó yí i ká ni wọ́n sì ṣe bá ìdagun yẹn mu. Ẹni tó bá fẹ́ gbé èyí tó nàró síbẹ̀ yóò pa ìjókòó ẹ́ńjìnnì dà, yóò wá ọgbọ́n sí gíá, sáléńsà àti radiétọ̀, nígbà mìíràn yóò gé lára irin ìdábùú iwájú. Irin yẹn gan-an ni sítíárín jókòó lé.

Bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń jù nù yìí rọrùn láti tún ṣe. Sílíìfù mẹ́rin tó ṣeé yọ, ìyẹn páìpù irin tí písítìnnì ń rìn nínú rẹ̀, ló wà nínú bulọ́ọ̀kù rẹ̀, omi ń ṣàn yí wọn ká. Ihò sílíìfù ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 jẹ́ mílímítà 84, ti 2.0 jẹ́ 88, písítìnnì àwọn méjèèjì sì ń rin mílímítà 81. Bí sìlíńdà bá ti jẹ, kò sídìí láti gbé bulọ́ọ̀kù lọ fún àwọn tánà tó ń fi ẹ̀rọ gé irin. Ẹ ra sílíìfù pẹ̀lú písítìnnì àti ríìngì tó bá a wá, kí ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ wọn agbára sìlíńdà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú géèjì kọ̀m̀pírẹ́ṣọ̀n, kí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, kí púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti kúrò. Bí èyí tó kéré jù kò bá fi ju ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún dín sí èyí tó pọ̀ jù, ẹ lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n ti ń bà á jẹ́ rèé. Bí wọ́n bá tú bóòtù tọ́ọ̀pù sìlíńdà, irin tó bo orí àwọn sílíìfù, wọ́n á gbé e sókè tagbáratagbára. Sílíìfù tó ti lẹ̀ mọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì á bá a gbéra díẹ̀, ohun tó dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á já. Ojú kò lè rí i. Wọ́n á to gbogbo ẹ̀ padà, ọkọ̀ á ṣiṣẹ́, kò ní pẹ́ tí omi á fi sọ̀ sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì á wá di àkàmù gẹ́gẹ́ bí àwọn mẹkáníìkì ṣe máa ń wí, bíárìnnì kíráǹkì á sì jẹ. Bó ṣe yẹ ni pé kí wọ́n ki ọ̀pá irin méjì bọ ihò bóòtù, kí wọ́n mi tọ́ọ̀pù sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi já fúnra rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e. Lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fi bóòtù àti wáṣà fẹ̀ǹfẹ̀ di sílíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀. Títí wọ́n á fi dì í, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yí kíráǹkì, kódà bó ṣe díẹ̀.

Etí sílíìfù gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ lójú bulọ́ọ̀kù, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ gbé rúlà irin tó gún régé lé e, kí ẹ fi fílà géèjì, abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń wọn àlàfo, wò ó. Èyí tó bá rì ni gásíkẹ́ẹ̀tì máa jó sí. Tọ́ọ̀pù náà jẹ́ alumíníọ̀mù. Bí fílà mílímítà 0.05 bá gba abẹ́ rúlà kọjá lójú rẹ̀, ó ti wọ́, ẹ gbé e lọ fún tánà kó gé ojú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹ to àlàfo orí fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù: mílímítà 0.10 fún èyí tó ń gba epo wọlé, 0.25 fún èyí tó ń lé èéfín jáde. Bí ẹ bá fún ti èéfín jù, kò ní pa dé dáadáa nígbà tó bá gbóná, ẹnu rẹ̀ á sì jó.

Ẹ dá tẹ́mósítáàtì, tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, padà síbi tó wà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló gbà pé òun ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ hó, wọ́n á sì yọ ọ́ sọnù. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní i máa ń pẹ́ kó tó gbóná, epo á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíìfù, ríìngì á sì tètè jẹ. Bí ọkọ̀ bá ń hó, radiétọ̀ tó dí ni kí ẹ wò, àti fáànù. Fáànù 504 ní òòfà iná tó ń gbé e yí nígbà tí omi bá gbóná. Ọ̀pọ̀ rewáyà ti já wáyà rẹ̀ dànù. Omi ẹ̀rọ lásán kò sì dára fún tọ́ọ̀pù alumíníọ̀mù. Ìdajì kúlántì, ìdajì omi tó mọ́.

Ní ti àwọn tó fẹ́ kí tiwọn yàtọ̀, ẹ ṣe é, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń fọwọ́ kàn. Àwọn tó ń yọ abala sípíríǹgì kí ẹ̀yìn lè wálẹ̀ máa ń gbàgbé fáàfù bíréèkì tí ọ̀pá kékeré so mọ́ igi ẹ̀yìn lábẹ́ àwọn ọkọ̀ kan. Fáàfù yẹn ń fi bí ara ọkọ̀ ṣe sún mọ́ igi náà mọ̀ bóyá ẹrù wà. Bí ẹ bá rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀, á rò pé ẹrù ti kún, á rọ bíréèkì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á sì há lójú òjò nígbà tí karia ṣófo. Ẹ tún ọ̀pá náà tò. Táyà ríìmù ńlá tó lẹ́wà lè má gba ẹrù. Ẹ wo àmì C lára rẹ̀, tó fi hàn pé táyà akẹ́rù ni. 185R14C tí wọ́n kọ 102/100 sí lára ń gbé kílò 850 lórí ẹsẹ̀ kan, 800 bó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ wo òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà DOT lára táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2018.

Iná iwájú tó mọ́lẹ̀ gan-an ń jó súwíìṣì. Gílóòbù méjì tó jẹ́ wáàtì 60 ń fa ámpìà 10, súwíìṣì àtijọ́ ọdún gbọgbọrọ kò sì lè gbé e pẹ́. Ẹ so rílè ámpìà 30 mọ́ ọn, fíúùsì 15 nítòsí bátìrì, wáyà onísíkúwẹ́à mílímítà 2.5. Súwíìṣì á kàn máa pe rílè ni.

Ó wá ku ọ̀dà. Ìgbà ẹ̀rùn ni kí ẹ kùn ún, nítorí ọ̀rinrin òjò máa ń sọ ọ̀dà di funfun bí kò bá tíì gbẹ. Irin tó mọ́ ni kí puráímà epọ́sì, ọ̀dà ìsàlẹ̀ tó ń dáàbò bo irin, kọ́kọ́ kàn, lẹ́ẹ̀mejì, lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n ha á. Orí puráímà yẹn ni pọ́tì máa jókòó lé, kó má sì nípọn ju mílímítà 3. Pọ́tì máa ń mu omi; bí wọ́n bá fi lé irin lásán tí wọ́n sì fi omi ha á, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí ọ̀dà tó dé. Sánpépà 180 gbígbẹ fún pọ́tì, 320 tẹ̀ lé e, 600 kẹ́yìn kí àwọ̀ tó bà lé e. Láàárín àwọ̀ kan sí èkejì, kí ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí tínà lè fò kúrò. Ẹni tó bá ń kánjú níbẹ̀ ló ń rí ihò wínníwínní nígbà tó bá yá.

Bí àwọ̀ bá ti yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀, tàbí tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ti yí padà, ẹ lọ tún un kọ ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ kí ẹ tó gbé e sójú títì. Olóòtú, àwọn fọ́tò ọkọ̀ àtijọ́ tó ń dán tí ẹ máa ń gbé jáde dùn mọ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bá wa ya abẹ́ wọn náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn