Ẹni tó bá dákẹ́, ṣé tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ lóòótọ́?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o, ẹ kú làálàá Èkó.

Látìgbà tí mo ti ní ká máa fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú àdúrà wa láìsọ̀rọ̀, ìyá wa kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní "Pásítọ̀, ṣebí àwọn àgbà ló ní ẹni tó bá dákẹ́ tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, tá ò bá wá ké, báwo l'Ọlọ́run ṣe fẹ́ gbọ́?" Ìbéèrè gidi ni o. Ní Èkó yìí, téèyàn ò bá pariwo, kọ̀ndọ́ á bá ṣéńjì ẹ̀ lọ, téèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́ ní ọ́fíìsì tó ti lọ gba fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ ni wọ́n á ti ti ilẹ̀kùn bá a, kí ló wá máa jẹ́ ká rò pé ti Ọlọ́run yàtọ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo Hánà, Sámúẹ́lì kìíní orí 1. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn kì í ṣe kékeré, kò rọ́mọ bí, Pẹ̀nínà orogún ẹ̀ ń fi ṣẹ̀sín lọ́dọọdún tí wọ́n bá ti lọ sí Ṣílò, ó ń sunkún, kò sì lè jẹun. Ó wá lọ síwájú Olúwa, ètè ẹ̀ nìkan ló ń mì, kò sẹ́ni tó gbóhùn ẹ̀. Élì àlùfáà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó ń wo ẹnu ẹ̀, ó ní obìnrin yìí ti mutí yó. Àlùfáà o! Èyí máa ń dùn mí tí mo bá kà á, torí títí dòní náà, téèyàn bá dákẹ́ nígbà tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń ké, wọ́n á ní kò ní iná nínú. Àdúrà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ yẹn l'Ọlọ́run fi Sámúẹ́lì dá lóhùn. Hánà dákẹ́, tiẹ̀ ò bá a dákẹ́.

Nehemáyà náà ńkọ́? Ẹnu iṣẹ́ ló wà ní tiẹ̀, agbọ́tí ọba ni, ọba bi í pé kí ló ń fẹ́, orí 2 ẹsẹ 4 sọ pé ó gbàdúrà sí Ọlọ́run ọ̀run, ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ló ti ń dá ọba lóhùn. Kò tọrọ àyè, kò kúnlẹ̀, ọba ò tiẹ̀ mọ̀. Brother Lawrence tó kú ní 1691 náà, kíṣìnì àwọn mọ́ǹkì ní Paris ló ti ṣiṣẹ́ fọ́pọ̀ ọdún, kó tó di pé ó ń tún bàtà wọn ṣe, ó sì ní ìdí ìkòkò àti orí eékún, ọ̀kan náà ni fóun, Ọlọ́run wà níbi méjèèjì.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ó dìgbà tẹ́ ẹ bá gun orí òkè kẹ́ ẹ tó lè ṣe àṣàrò. Orí òkè dáa, mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má lọ, àmọ́ ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa lọ lọ́dún? Ariwo Èkó ò sì ní tán, jẹnẹrétọ̀ ńbí, ẹ̀rọ ata lọ́hùn-ún, àwa ilé ìjọsìn náà sì wà ńbẹ̀, LASEPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó àyíká, ti ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pa nílùú yìí torí ariwo, kò sì yẹ kó dìgbà tí ìjọba bá tilẹ̀kùn mọ́ wa ká tó rántí aládùúgbò.

Tí bọ́ọ̀sì bá dúró pa lórí Third Mainland láàárọ̀, afárá tó gùn tó kìlómítà 11.8, kò kúkú síbi téèyàn fẹ́ bọ́ sí, gbogbo wa á kàn máa tẹ WhatsApp. Ẹ fi fóònù yẹn sí báàgì. Ẹ wo ọ̀sà, ẹ wo àwọn apẹja tó ń ju àwọ̀n, ẹ wo èéfín tó ń jáde ní Mákòkó, kẹ́ ẹ wá mú gbólóhùn kan péré, "Olúwa ni olùṣọ́-àgùntàn mi," kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́ bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ àpọ̀jẹ, láti Adékúnlé títí dé Adéníji. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wakọ̀, ojú yín ò gbọdọ̀ kúrò lójú títì o, ẹ kàn pa rédíò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà náà, ẹ̀wà wà lórí tìréè, ìka ń yọ òkúta, èyí tí kòkòrò ti jẹ ń lọ sápá kan, ọwọ́ ti mọ iṣẹ́ ẹ̀, ọkàn ló ń rìn kiri, ó dé orí owó ilé, ó dé orí school fees, ó tún lọ bá ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ sọ lóṣù tó kọjá. Ẹ má bá ọkàn yẹn jà. Ibi tó bá ti lọ, ẹ fi ibẹ̀ han Ọlọ́run, "Bàbá, owó ilé rèé o," kẹ́ ẹ sì rọra mú un padà. Tó bá tún lọ, ẹ tún mú un padà. Mímú un padà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ibẹ̀, kì í ṣe àmì pé ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé táwọn bá ti dákẹ́, oorun ló ń gbé àwọn lọ. Ẹni tó jí láago mẹ́rin kó lè bá bọ́ọ̀sì, tó wọlé láago mẹ́wàá alẹ́, kí ló fẹ́ ṣe tí kò ní sùn? Èlíjà náà sùn lábẹ́ igi, áńgẹ́lì ò bá a wí, ó jí i kó jẹun, ó tún sùn, ó tún jí i kó jẹun, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó lọ sí Hórébù níbi tí ìjì, ìmìtìtì ilẹ̀ àti iná ti kọjá kó tó gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́ kékeré yẹn.

Torí náà, Wednesday tó ń bọ̀, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, a máa pa máìkì àti kíbọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti sọ fún àwọn choir. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ bíi ti Hánà, kó gbé e wá. Ẹni tó bá sùn, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ jọ̀ọ́ má jí i. Ẹ mú àwọn ọmọ dání, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la máa bẹ̀rẹ̀.